Kí Àmì Ohùn Má Baà Rì Sínú Tàdáwà

Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí olólùfẹ́ gègé onítàdáwà tó jáde nílé, iṣẹ́ kan wà tí kì í fi jáfara. Yóò ṣí àpótí rẹ̀, yóò wo gègé mẹ́wàá tàbí ogún tí ó tò síbẹ̀ bí ẹni tí ń wo aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí òde ìyàwó, yóò sì mú méjì tàbí mẹ́ta tí yóò bá a dé ibi iṣẹ́. Èwo ni ó bá ọjọ́ òní mu? Ṣé Pelikan ilẹ̀ Jámánì ni, àbí Pilot ilẹ̀ Japan? Ṣé tàdáwà aláwọ̀ aró ni yóò wà nínú rẹ̀, àbí èyí tí ó pupa bí osùn, àbí èyí tí wọ́n da lẹ́búlẹ́bú sí tí ó fi ń dán yinrin lójú ìwé? Irú àwọn ènìyàn báyìí pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Japan àti ní Íńdíà. Wọn kò sì ṣàìsí láàárín àwọn ọmọ Yorùbá nílé àti lẹ́yìn odi.

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bá wọn jà nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ohun èlò ìkọ̀wé. Ní ayé tí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ti gba ipò lẹ́tà, ẹni tí ó ṣì ń fi ọwọ́ kọ̀wé yẹ fún oríyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà yan gègé àti tàdáwà ni ó ní kọ́núnkọ́họ nínú. Àwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń bèèrè tẹ̀lé e, iye owó ni ó sì máa ń gbẹ̀yìn. Ìbéèrè méjì tí ó yẹ kí ó ṣíwájú kì í sábà jẹ yọ rárá: èdè wo ni gègé yìí yóò máa kọ? Báwo ni ó ti yẹ kí ohun tí ó bá kọ pẹ́ tó láyé? Ẹni tí ó ń fi èdè Yorùbá kọ̀wé ni àìbéèrè yìí sì ń pa lára jù lọ.

Gègé àti tàdáwà kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Kí àwọn òyìnbó oníwàásù tó gbé ìwé ABD dé, àwọn àáfáà ti ń kọ̀wé nílẹ̀ yìí. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà, kálàmù, ti wá. Ọwọ́ àwọn Hausa ni tàdáwà gbà dé ọ̀dọ̀ Yorùbá. Ọmọ ilé-kéú yóò fi kálàmù kọ ẹsẹ̀ Kùránì sára wàláà. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n sórí tán, yóò fi omi fọ̀ ọ́ nù, yóò sì kọ òmíràn sí ojú ibẹ̀. Nígbà mìíràn, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní hàǹtú, ni wọ́n máa ń gbé fún aláìsàn mu. Ẹ ṣàkíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Tàdáwà tí omi lè wẹ̀ nù ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pò, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kò fẹ́ tàdáwà mìíràn. Bí kò bá wẹ̀ nù ni ó bàjẹ́. Ìlò ni ó darí yíyàn, kì í ṣe ẹwà.

Gègé tí ó ń gbé tàdáwà tirẹ̀ sínú yàtọ̀ sí èyí tí akọ̀wé ń tì bọ ẹnu ìgò ní gbogbo ìgbà. Petrache Poenaru, ọmọ ilẹ̀ Ròmáníà, gba ìwé-àṣẹ lórí irú rẹ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1827, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Lewis Waterman gba tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1884 ni nǹkan wá ń lójú. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa Waterman, pé tàdáwà ni ó dà sórí ìwé àdéhùn kan tí oníbàárà fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ti George Parker ni ó dájú. Olùkọ́ iṣẹ́ tẹ́lígíráàfù ni ní ìlú Janesville ní Wisconsin. Gègé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń jò, ó ń bá wọn tún un ṣe, títí ó fi dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1888. Ó yẹ kí inú àwọn olùkọ́ dùn sí èyí: ìṣòro ọmọ ilé-ìwé ni ó bí ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀.

Ẹnu gègé gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí gègé mẹ́wàá bá tò sínú àpò, ojú lásán kò lè mọ èyí tí yóò kọ ilà tínrín nínú wọn. Lẹ́tà kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára ẹnu rẹ̀ ni ó máa ń sọ ọ́: EF ni ó tínrín jù, F tẹ̀lé e, M wà láàárín, B sì fẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùrà má gba lẹ́tà wọ̀nyí gbọ́ tọkàntọkàn. F ti àwọn ará Japan, ìyẹn Pilot, Sailor àti Platinum, sábà máa ń tínrín tó EF ti Jámánì. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ìkọ̀wé Japan lè ní ilà mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn ni yóò sì fún ara wọn mọ́ àyè tí kò ju èékánná ọmọdé lọ. Bí ilà bá nípọn, àárín lẹ́tà yóò dí, kò ní ṣeé kà mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pọ́n ẹnu gègé wọn kí ó bá èdè wọn mu. Wọn kò ní kí èdè wọn tẹrí ba fún gègé òyìnbó.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sílé ńkọ́? Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohunkóhun lábẹ́ lẹ́tà, bí a bá sì yọ ti i àti j kúrò, kò ní ohunkóhun lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè fi gègé tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ṣíbí kọ ọ́, kí ó sì ṣeé kà. Yorùbá ní àmì lábẹ́, ó ní àmì lókè, lẹ́tà kan náà sì lè gbé méjèèjì pọ̀ bí aláàárù tí ó ru ẹrù sórí tí ó tún ń fi ọwọ́ wọ́ òmíràn nílẹ̀. Ọkọ ni ẹni tí ó gbé ìyàwó. Ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ni èrò ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀kọ̀ ni jagunjagun ń jù. Bí àmì abẹ́ bá sì rì mọ́ ìdí lẹ́tà, oko ni ó kù lójú ìwé, nǹkan mìíràn pátápátá. Ilà tí kò gùn ju ìrù eṣinṣin lọ ni ó wà láàárín iṣẹ́ àti ìṣẹ́. Ta ni yóò fẹ́ kí ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà sí òun gbàdúrà fún un pé kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ èkejì?

Bí ẹnu gègé bá fẹ̀, tí tàdáwà rẹ̀ sì ń sàn bí omi ẹ̀rọ, ohun mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá. Àmì abẹ́ ẹ àti ọ yóò lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, yóò dà bí ẹni pé ọwọ́ akọ̀wé gbọ̀n. Àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ yóò wú, wọn yóò sì jọ ara wọn, olùkàwé kò ní mọ èyí tí ó ń gòkè mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: akọ̀wé fúnra rẹ̀ yóò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun kò lẹ́wà mọ́, yóò sì pinnu pé àmì ni ó fà á. Láti ọjọ́ náà ni yóò ti máa fi àmì sílẹ̀. Gègé tí ó fi owó ara rẹ̀ rà ti kọ́ ọ bí a ṣe ń ba èdè baba rẹ̀ jẹ́.

Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ẹni tí ó ń gba ìdánwò wò kì í mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni kò mọ àmì ohùn tàbí gègé rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n gbọ́n ju ìyẹn lọ: wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì tí ó dúró ṣánṣán láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yan èyí tí ó bá wù ú. Ẹnu gègé tínrín kò fi àyè sílẹ̀ fún irú ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fún ìdí yìí, ẹni tí ó ń kọ Yorùbá lójoojúmọ́ kò nílò gègé tí ó ju F ti Japan tàbí EF ti Jámánì lọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo wà tí ó yẹ ní dídárúkọ. Àwọn gègé kan wà tí wọ́n gé ẹnu wọn pẹrẹsẹ bí ojú àdá. Bí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé bá mú irú rẹ̀ dání ní ìdábùú, ilà tí ń gòkè yóò tínrín, èyí tí ń sọ̀ kalẹ̀ yóò nípọn, àmì ohùn méjèèjì yóò sì yàtọ̀ síra wọn kedere. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn, lẹ́tà ńláńlá ni ó sì yẹ; kì í ṣe fún ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́.

Bébà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Àwọn olólùfẹ́ gègé máa ń fi bébà olówó gọbọi dán tàdáwà wò, wọ́n á sì máa yìn ín. Bébà ìwé àjákọ lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ̀wé sí, ó fẹ́lẹ́, ó sì ń mu omi bí òwú. Lórí irú bébà bẹ́ẹ̀, tàdáwà tí ń sàn jù yóò ta gbòǹgbò lọ sọ́tùn-ún sósì, yóò sì yọ sí ẹ̀yìn ojú ewé. Tàdáwà tí kì í yára sàn, bí àwọn Pelikan 4001, ni ó yẹ ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà rẹ̀ kò pọ̀.

Ìbéèrè kejì ni ti bí àkọsílẹ̀ yóò ti pẹ́ tó, ìhà yìí ni àwọn olólùfẹ́ gègé ti ń ṣe àṣìṣe tí kò ní àtúnṣe. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Jámánì, gègé onítàdáwà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ìkọ̀wé. Pelikan gbé Pelikano jáde fún wọn ní 1960, Lamy sì gbé Safari jáde fún àwọn ọ̀dọ́ ní 1980. Tàdáwà aláwọ̀ aró ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń lò, èyí tí wọ́n dìídì ṣe kí ó ṣeé pa rẹ́. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ó ní ohun èlò kan bíi gègé tí oògùn inú rẹ̀ ń mú kí àwọ̀ náà pòórá lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ta sí aṣọ, omi yóò fọ̀ ọ́. Èyí dára púpọ̀ fún ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́. Wàláà tiwọn nìyẹn.

Ní England àti Wales ẹ̀wẹ̀, títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2021 tí wọ́n gbé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó sórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tàdáwà onírin ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Ohun kóró tí ó wà nínú kókó tí kòkòrò ń mú hù lára igi oak ni wọ́n ń pò mọ́ iyọ̀ irin láti fi ṣe irú tàdáwà yìí. Bí gègé ti ń kọ ọ́ ni ó ń wọ inú bébà. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti kàn án, ńṣe ni yóò máa dúdú sí i. Bí omi bá dà sí i, ọ̀rọ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Oníwèé ìgbéyàwó kò bèèrè bóyá àwọ̀ rẹ̀ bá aṣọ ìyàwó mu.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Quink tí ilé-iṣẹ́ Parker gbé jáde ní 1931 ni ọ̀pọ̀ àgbà mọ̀. Ara ìgò rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí bóyá ó ṣeé fọ̀ nù tàbí kò ṣeé fọ̀ nù. Mélòó nínú àwọn tí ó rà á ni ó kà á? Bàbá tí ó fẹ́ kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn Bíbélì, ìgò tí ó wà lórí tábìlì ni ó fà mọ́ra. Ẹbí tí ó ń kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀, aláwọ̀ aró ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí pé ó dára lójú. Akéwì tí ó fi ọwọ́ kọ ewì rẹ̀ kún ìwé àjákọ márùn-ún kò rò ó pé òun yóò kú kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀kán òjò kan péré tí ó gba ojú ìṣó wọlé láti orí páànù tó láti sọ ọjọ́ ìbí ọmọ mẹ́fà di àbàwọ́n aró. Àwọn tí ó ń sọ pé Yorùbá kò ní àkọsílẹ̀ kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé a kọ ọ́, tàdáwà ni a kò yàn.

Ó ṣe pàtàkì kí á sọ pé tàdáwà onírin náà kì í ṣe ẹran tí kò ní eegun. Èyí tí àwọn baba ńlá àwọn òyìnbó lò le ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ń jẹ bébà. Ó ti da àwọn ìwé orin tí J. S. Bach fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láàmú débi pé ibi ìkówèépamọ́ ní Berlin ní láti la ewé rẹ̀ sí méjì, kí wọ́n fi bébà mìíràn sí àárín, kí wọ́n tó lè dá díẹ̀ sí. Ti òde òní rọ̀ ju ìyẹn lọ. Platinum Blue-Black àti Salix ti Rohrer & Klingner jẹ́ àpẹẹrẹ tí a lè fi sínú gègé ojoojúmọ́, wọn kì í sì í ta gbòǹgbò lórí bébà ìwé àjákọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúdú kirikiri tí kò bẹ̀rù omi rárá lè lo Platinum Carbon, tí èédú wà nínú rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn ń bèèrè kò ju ìmọ́tótó lọ: kí gègé má gbẹ mọ́ wọn nínú, kí á sì fi omi tútù fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè. Ní àkókò ọyẹ́, gègé tí ìdérí rẹ̀ kò pa dáadáa lè gbẹ kí ọ̀sẹ̀ tó yípo.

Ti iye owó kò gbọdọ̀ gba àkókò púpọ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ pé gègé ẹlẹ́nu wúrà ni ó ń kọ̀wé dáradára, pé èyí tí ó jẹ́ irin lásán wà fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí ó jẹ́ Montblanc Meisterstück, tí ó ti wà láti 1924, bí ó sì jẹ́ Pilot Kakuno ti 2013 tí wọ́n ya ojú ẹlẹ́rìn-ín sára ẹnu rẹ̀, kì í ṣe wúrà ni ó ń kan bébà, kì í sì í ṣe irin náà. Èkìdá ẹnu méjèèjì ni wọ́n jó irúgbìn irin líle kan mọ́, tí kì í tètè jẹ. Ohun tí wúrà ń ṣe ni pé kì í dípẹtà, ó sì lè rọ̀ díẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Àmì ohùn kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí a kò lo báírò kí gbogbo wàhálà yìí parí. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Láti ìgbà tí Bic Cristal ti jáde ní 1950 ni ohun tí László Bíró ṣe ti di ti gbogbo ayé, òróró inú rẹ̀ sì ń kojú omi ju tàdáwà aláwọ̀ aró lọ. Ẹni tí ó bá ń kún fọ́ọ̀mù ní báńkì, báírò ni kí ó lò. Ṣùgbọ́n títẹ̀ ni báírò ń fẹ́. Ẹni tí ó bá fi kọ ojú ewé márùn-ún Yorùbá, tí kò yọ àmì kankan sílẹ̀, yóò mọ̀ lọ́rùn ọwọ́. Gègé onítàdáwà kò fẹ́ kí á tẹ̀ ẹ́. Wíwúlẹ̀ fọwọ́ kàn bébà tó, àmì ti jáde. Fún èdè tí ó ń gbé ọwọ́ sókè tí ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà bí onílù, àǹfààní ńlá nìyẹn.

Kò sì sí ẹni tí ó ní kí olólùfẹ́ gègé sọ àwọn ìgò aláràbarà rẹ̀ nù. Kí ó fi tàdáwà tí ń dán yinrin kọ káàdì ọdún, kí ó fi pupa gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, kí ó sì fi aláwọ̀ aró kọ àkọ́kọ ewì tí yóò fà ya lọ́la. Gègé kan péré nínú mẹ́ta tí ó ń kó sápò láàárọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ ẹlẹ́nu tínrín, tí tàdáwà inú rẹ̀ kò bẹ̀rù omi. Bí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta gègé, tí wọ́n fún un ní bébà kó dán an wò, kí ó má kọ orúkọ ara rẹ̀ tàbí kí ó máa fa ilà wẹ́lọwẹ̀lọ bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe. Kí ó kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, ní ìwọ̀n tí ó fi ń kọ̀wé lójoojúmọ́. Kí ó gbé bébà náà lọ sílé, kí ó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ó kán omi sí i, kí ó sì fún ọmọ ilé kà.